Ẹ Má Fi Ọmọ Sílẹ̀ Lọ́dún Kìíní

Ó ti di àṣà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé bí ẹgbẹ́ kan bá ń fi ààrẹ tuntun sórí àga, àwọn ọmọ iléèwé kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọn yóò gba owó sikọ́láṣíìpù. Wọn á pè wọ́n síwájú, wọn á gbé ayédèrú ṣẹ́ẹ̀kì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn dì mú, ayàwòrán á ya fọ́tò, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Ohun tó dára ni. A kò ní bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó yọ owó lápò ara rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tó wà láàárín wa dáhùn, látorí Rotary àti Lions títí dórí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìrọ̀ ní Ìjẹ̀bú: ta ló san owó iléèwé ọmọ yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni. Ọmọ wọ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nábánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun, tàbí Gateway Poly ní Sápáàdé. Owó ọdún kìíní pé, inú ìyá rẹ̀ tó ń ta gàrí lọ́jà Òkè-Ajé dùn, ó ṣe ìdúpẹ́. Nígbà tí ọdún kejì dé, ó padà lọ bá ẹgbẹ́, wọ́n ní ààrẹ tó fún ọmọ rẹ̀ lówó ti gbé ipò sílẹ̀, pé ẹ̀rọ omi ni àwọn ń gbẹ́ lọ́dún yìí. Ìyá á lọ yá owó èlé. Bí kò bá rówó yá, ọmọ á jókòó sílé fún ọdún kan, ọdún kan á di méjì, kò sì ní padà mọ́. Ẹni tó gbé èèyàn sínú ọkọ̀ ojú omi, tó wá já a sílẹ̀ láàárín odò, kò lè sọ pé òun ràn án lọ́wọ́ dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun tí a ń sọ kò ní kọ́núnkọ́họ nínú: kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe pe orúkọ ọmọ síta fún sikọ́láṣíìpù mọ́, àfi tí owó tí yóò gbé ọmọ náà dé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti wà ní báńkì, nínú àkáǹtì tó dá dúró, lọ́jọ́ tí wọ́n pè é.

A mọ ibi tí àléébù yìí ti ń wá, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Ọdún ẹgbẹ́ Rotary àti ti Lions ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje, ó ń parí lópin oṣù Kẹfà, ààrẹ kan kì í sì í sábà lò ju ọdún kan lọ. Ẹni tó bá gorí àga fẹ́ iṣẹ́ tí wọn yóò fi máa rántí ìgbà tirẹ̀. Bí ti ọdún tó kọjá bá jẹ́ sikọ́láṣíìpù, ti ọdún yìí lè jẹ́ ẹ̀rọ omi, kí tọdún tó ń bọ̀ jẹ́ awò ojú fún àwọn àgbàlagbà. Kò sí èyí tí ìlú kò nílò nínú wọn. Àmọ́ a lè gbẹ́ kànga tán láàárín oṣù mélòó kan. Yunifásítì ń gba ọdún mẹ́rin, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ń lò tó mẹ́fà. Iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin kò ṣe é fà lé ọwọ́ ààrẹ ọlọ́dún kan, àyàfi tí ẹgbẹ́ bá dè é mọ́ orúkọ ara rẹ̀, tí kò dè é mọ́ orúkọ ẹnìkan.

Rotary fúnra rẹ̀ ló kọ́ gbogbo ayé pé ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 1905 ni agbẹjọ́rò kan ní Chicago, Paul Harris, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó di 1985, wọ́n gbé ètò PolioPlus kalẹ̀ láti lé àrùn rọpárọsẹ̀, tí a mọ̀ sí polio, kúrò láyé. Ní 1988, àwọn tí àrùn náà ń sọ di arọ lágbàáyé tó 350,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, kò sí èyí tó ní ìgbà òun kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ polio. Ní 2003, wọ́n dá oògùn àjẹsára polio dúró ní Kano nítorí ìbẹ̀rù àti àhesọ; àwọn tó ń kán an sọ́mọ lẹ́nu tún padà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé, títí di ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, tí wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò polio. Ọdún 35 gbáko. Ẹgbẹ́ tó dúró ti iṣẹ́ kan fún ọdún 35 kò ní àwáwí bí kò bá lè dúró ti ọmọ kan ṣoṣo láti Ìṣarà fún mẹ́rin.

Àwọn kan yóò sọ pé owó kò tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní mílíọ̀nù kan náírà, tó pín in fún ogún ọmọ, ₦50,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò á kún, ogún ìdílé á dúpẹ́, ṣùgbọ́n nínú ogún yẹn, kò dá wa lójú pé ẹnìkan yóò torí ₦50,000 parí yunifásítì. Kí wọ́n fi owó kan náà mú ọmọ kan tàbí méjì, kí wọ́n sì mú wọn dé òpin. A mọ̀ pé ó nira láti sọ fún ọmọ méjìdínlógún pé kò kàn wọ́n. Ó nira púpọ̀. Síbẹ̀, ó sàn ju kí a fún ogún ọmọ ní ìrètí tí a kò ní mú ṣẹ.

Owó kékeré tí a kò fọwọ́ kàn sì ń di ńlá. Owó àkọ́kọ́ tó wọ àpò tí Rotary yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àánú, ní 1918, kò ju dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50 lọ. Nígbà tó fi máa di 1947, àpò yẹn ti rán ọmọ 18 lọ kàwé sí i. Nílé wa níbí, Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù Keje, 2025, ti fi owó lélẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ fún àga ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìṣèjọba ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni à ń wí: owó tí kò ní kú pẹ̀lú ẹni tó fi í sílẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí kábíyèsí náà jí dìde nígbà tirẹ̀. A gbà pé àwọn ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí jù. Ìbí kan náà ni wọ́n, ẹgbẹ́ wọn kì í tú lóṣù Kẹfà, ìgbà tí wọ́n bá darúgbó ni wọ́n ń darúgbó pọ̀. Ẹni tó bá ti rí wọn ní Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, mọ̀ pé wọ́n mọ owó dá, wọ́n sì mọ bí a ti ń dá a lásìkò. Aṣọ wọn wù wá, ẹṣin wọn wù wá, a kò ní kí wọ́n dín in kù. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ₦10,000 lé owó aṣọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá pé ọgọ́rùn-ún, mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn lọ́dọọdún, láìsí pé wọ́n tọrọ lọ́wọ́ olóṣèlú kankan.

Àwọn bàbá wa kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣe nǹkan ojú ayé. Lọ́dún 1952 ni Awókòyà, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Oṣù Kìíní, 1955, ni ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó ṣílẹ̀kùn iléèwé fún àwọn ọmọ. Láàárín méjèèjì, wọ́n ń kọ́ olùkọ́, wọ́n ń kọ́ kíláàsì, wọ́n ń wá owó orí tí yóò gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó orí yẹn bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú.

Ẹnìkan lè ní ìjọba àpapọ̀ ti ń yá ọmọ lówó báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Látọdún 2024 ni NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ti ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé gíga ti ìjọba, tó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, ó sì dìgbà tí ọmọ bá ti rí iléèwé gíga wọ̀ kó tó kàn án. Ta ni yóò san owó WAEC àti JAMB fún ọmọ tí kò tíì débẹ̀? Ta ni yóò san owó òmìnira fún ọmọ tó yan iṣẹ́ wẹ́dà tàbí iṣẹ́ aránṣọ? Àwọn àlàfo yìí ni owó ẹgbẹ́ kékeré ti lè ṣe iṣẹ́ ńlá.

Lórí bí a ṣe ń yan ọmọ, Rotary ní ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n fi ń yẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wò láti ọdún 1943. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ṣé ó tọ́ sí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n akápò ló ń gba fọ́ọ̀mù, tí ọmọ agbẹ̀ ní abúlé Ìjẹ̀bú-Igbó kò gbọ́ àfi lẹ́yìn tí fọ́tò ti jáde, kò tọ́. Kí ìkéde máa ṣáájú yíyàn, ó kéré tán oṣù méjì: ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí rédíò, nínú gáréèjì. Kí wọ́n mú olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, mọ́ àwọn tí yóò yẹ fọ́ọ̀mù wò.

Nípa àwọn olùbánisọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ń pè, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Dókítà, agbẹjọ́rò àti onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá sọ ọ̀rọ̀ gidi nínú òtẹ́ẹ̀lì, fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n máa gbé ìpàdé kan lóṣù lọ sí gbọ̀ngàn iléèwé girama, ní Òde-Rẹ́mọ, ní Ògèrè, ní Ìpèru, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá níbi tó bá yẹ. Ọmọ tó fojú ara rẹ̀ rí obìnrin kan láti ìlú rẹ̀ tó di onímọ̀ ẹ̀rọ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ṣe é.

Ní tiwa, a ó fi àyè sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìwé ìròyìn yìí fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kéde fọ́ọ̀mù rẹ̀. A ó tún fi àyè sílẹ̀ lọ́dọọdún fún àbọ̀: ọmọ mélòó ni ẹ mú, mélòó ló ṣì wà níléèwé, mélòó ló ti jáde. A kò nílò orúkọ ọmọ kankan, iye wọn tó. Ẹgbẹ́ tó bá ti gbé ọmọ kan dé òpin ni a ó kọ́kọ́ gbé fọ́tò rẹ̀ jáde.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn gba owó ọdún kan tí wọn kò sì rí ìyókù, kí wọ́n kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà báyìí, kí àwọn tó wà lórí àga tó gbé ipò sílẹ̀ lópin oṣù Kẹfà. Kí wọ́n béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá orúkọ ọmọ wọn wà nínú ìwé tí wọn yóò fà lé ààrẹ tuntun lọ́wọ́.