Ẹ yé sọ pé oríire ni Atlético fi gba líìgì Sípéènì lọ́dún 2014

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbọ́ kí n panu mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti máa ń gẹrun, ọmọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì Real Madrid tún là á mọ́lẹ̀ pé ní sáà 2013-14, Madrid àti Barcelona ló jọ ń tòògbé tí Atlético Madrid fi yọ́ gbé ife líìgì Sípéènì lọ. Ó ní àwọn yẹn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, pé wọ́n kàn máa ń páàkì bọ́ọ̀sì síwájú ilé wọn ni, ìyẹn ni pé gbogbo wọn á sá sẹ́yìn lọ dí ilé, wọ́n á wá máa dúró de oríire. Ẹnì kejì rẹ̀ fi kún un pé rẹfirí gan-an ló gbé ife fún wọn. Àwọn tó jókòó ti wọ́n ń mi orí.

Mo bi í pé ṣé ó wo sáà náà. Ó ní òun ṣì kéré nígbà yẹn, àmọ́ ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Ó dáa, èmi wò ó. Ilé ìwòran àdúgbò wa ni mo ti ń wo Atlético ní gbogbo sáà yẹn, nígbà tí àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n sí Premier League. Ohun tí mo fojú mi rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ, àkọsílẹ̀ líìgì náà kò sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Orí ọ̀rọ̀ pé Madrid àti Barcelona ń sùn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo irọ́ yòókù rọ̀ mọ́. Barcelona gba pọ́ìntì 87 lọ́dún yẹn, wọ́n sì gbá ayò 100 wọlé. Real Madrid náà gba 87, wọ́n gbá ayò 104. Ẹ wá gbọ́. Ní sáà 2008-09, ọdún àkọ́kọ́ Pep Guardiola, nígbà tí Barcelona gba líìgì, tí wọ́n gba Copa del Rey (ife ọba Sípéènì), tí wọ́n tún gba Champions League, pọ́ìntì mélòó ni wọ́n ní nínú líìgì? 87. Iye kan náà gan-an. Ikọ̀ ti 2009 yìí ni àwọn èèyàn ń pè ní ikọ̀ tó dára jù lọ tí ojú àwọn rí láyé. Báwo wá ni pọ́ìntì 87 ṣe jẹ́ iṣẹ́ ìyanu lọ́dún 2009, tó sì di oorun lọ́dún 2014?

Ẹ jẹ́ ká tún padà sẹ́yìn díẹ̀. Barcelona fi pọ́ìntì 84 gba líìgì lọ́dún 2005. Wọ́n fi 82 gbà á lọ́dún 2006. Lọ́dún 2007, 76 péré ni Real Madrid ní, Barcelona náà sì ní 76, èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n gbá láàárín ara wọn ni wọ́n fi mọ ẹni tó gba ife. Lọ́dún 2008, Madrid fi 85 gbà á. Nítorí náà, Barcelona àti Madrid ti 2014 tí ẹ ń bú pé wọ́n sùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní pọ́ìntì tí ì bá fi gba líìgì ní ọdún mẹ́rin tẹ̀léra, láti 2005 dé 2008. Wọn ò sùn rárá. Ẹni tó ju wọ́n lọ ni wọ́n bá pàdé. Atlético gba 90: wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 28, wọ́n ta ọ̀mì 6, wọ́n fìdí rẹmi nínú 4 nìkan. Athletic Bilbao tó wà ní ipò kẹrin gba 70. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn ńlá méjèèjì ń tòògbé, kí ló dé tí ẹni tó tẹ̀ lé wọn fi pọ́ìntì 17 jìnnà sí wọn?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ló kàn, torí ó máa ń dá wọn lẹ́nu dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Atlético àti Barcelona pàdé ní sáà yẹn. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú Supercopa, ife ilẹ̀ Sípéènì tí wọ́n gbá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, 1-1 àti 0-0, ayò tí Barcelona gbá níta ni wọ́n fi gba ife yẹn. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú líìgì, 0-0 ní Vicente Calderón, pápá Atlético nígbà náà, lóṣù kìíní, 1-1 ní Camp Nou, pápá Barcelona, lọ́jọ́ ìparí. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú Champions League ní ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, 1-1 ní Camp Nou, lẹ́yìn náà 1-0 ní Calderón níbi tí Koke ti gbá ayò wọlé láìpẹ́ tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, Barcelona tí Messi wà nínú rẹ̀, tí Xavi àti Iniesta wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Neymar kún un, wọn ò lè borí nínú ẹyọ kan. Oríire kì í wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà sọ́dọ̀ ẹnì kan náà.

Madrid ńkọ́? Nínú líìgì, Atlético lọ bá wọn ní Bernabéu lóṣù kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n nà wọ́n ní 1-0, Diego Costa ló gbá ayò náà. Nígbà tí Madrid wá sí Calderón lóṣù kẹta, 2-2 ni wọ́n gbá. Benzema ló kọ́kọ́ gbá ayò wọlé, Koke àti Gabi dá méjì padà, Ronaldo ló yọ Madrid nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí. Barcelona náà na Madrid lẹ́ẹ̀mejì nínú líìgì kan náà, 2-1 àti 4-3. Nínú pọ́ìntì 12 tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yìí fún Madrid láti gbà, ẹyọ kan ni wọ́n rí mú. Ẹni tó rí ẹyọ kan mú nínú 12 kò lè sọ pé wọ́n jí ife òun gbé. (Mo mọ̀ pé Madrid na Atlético nínú Copa del Rey lọ́dún yẹn, mo sì mọ bí Ramos ti Madrid ṣe dá ayò padà sí wọn ní Lisbon nínú ìparí Champions League. Ọ̀rọ̀ líìgì là ń sọ.)

Ó wá ku bọ́ọ̀sì tí wọ́n ní Atlético páàkì. Ayò 77 ni wọ́n gbá wọlé. Ó kéré sí ti àwọn méjì yòókù, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Real Madrid gba líìgì lọ́dún 2007 pẹ̀lú ayò 66, Valencia gbà á lọ́dún 2002 pẹ̀lú 51, kò sì sẹ́ni tó ń pe ti Madrid ní bọ́ọ̀sì. Ikọ̀ tó ń sá sẹ́yìn kì í na Getafe ní 7-0. Kì í na Betis ní 5-0, kì í sì í na Rayo Vallecano ní 5-0. Costa nìkan gbá ayò 27, Ronaldo tó gbá 31 àti Messi tó gbá 28 nìkan ló wà níwájú rẹ̀. David Villa gbá 13.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n á mọ̀ pé ìgbèjà wọn gan-an ni wọ́n fi ń gbógun. Mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú, gbogbo wọn á sún mọ́ra débi pé àlàfo kì í fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín ìlà kan sí èkejì. Costa àti Villa kì í dúró níwájú kí wọ́n máa retí bọ́ọ̀lù. Wọ́n á padà wá dí àárín pápá, kí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù má rí ọ̀nà mìíràn ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Tó bá ti gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́, mẹ́ta á ká a mọ́ ibẹ̀. Bí Gabi tàbí Tiago bá ti gba bọ́ọ̀lù, wọn ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìn àwọn adènà ni wọ́n ń jù ú sí fún Costa, Costa á sì máa sá lọ pẹ̀lú ẹni méjì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí gba ẹsẹ̀ tó yá, ó gba ẹ̀dọ̀fóró, ó sì gba ìgbọràn ẹni mọ́kànlá fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ẹ wò ó lọ́sẹ̀ kan, ẹ máa pè é ní oríire. Ẹ wò ó fún oṣù mẹ́sàn-án bí mo ṣe wò ó, ẹ ò ní lè pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ayò 26 péré ló wọlé wọn, nígbà tí 33 wọlé Barcelona, tí 38 wọlé Madrid. Thibaut Courtois ló gba ẹ̀bùn Zamora tí wọ́n ń fún aṣọ́lé tí ayò wọlé rẹ̀ kéré jù, ẹni tí Chelsea sì yá wọn ni.

Ti ọjọ́ ìparí wá ńkọ́, 17 oṣù karùn-ún 2014? Atlético wọ Camp Nou pẹ̀lú pọ́ìntì 89, Barcelona ní 86. Tí Barcelona bá borí, wọ́n á jọ ní 89, ife á sì di ti Barcelona, torí èsì àárín àwọn méjèèjì ni líìgì Sípéènì máa ń kọ́kọ́ wò. Atlético nílò ọ̀mì. Kò tíì pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ tí ẹsẹ̀ Costa fi dùn ún, ó jáde pẹ̀lú omijé lójú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, Arda Turan náà jáde. Ní ìṣẹ́jú 33, Alexis Sánchez fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, irú èyí tí aṣọ́lé kankan kì í mú. Ilé ìwòran wa dàrú. Àwọn olólùfẹ́ Barcelona ń jó, ẹnìkan tiẹ̀ wá pàtẹ́wọ́ sí mi lójú.

Ní abala kejì, ikọ̀ tí wọ́n ní kò mọ̀ ju kó sá sẹ́yìn lọ jáde wá, wọ́n sì fún Barcelona mọ́ ilé. Ní ìṣẹ́jú 49, Gabi gbá kọ́nà, Diego Godín fò ju gbogbo wọn lọ, ó fi orí kàn án wọlé. 1-1. Kò sí Costa, kò sí Arda, Camp Nou ni, wọ́n sì ti ń fi ayò kan lé wọn. Ẹ sọ ibi tí oríire wà níbẹ̀ fún mi. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìparí, àwọn olólùfẹ́ Barcelona fúnra wọn ló dìde nínú pápá wọn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Atlético. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù.

Ti ayò Messi tí rẹfirí Mateu Lahoz fagi lé pé ọ́fúsáìdì ni, mo gbà, ó ṣeé jiyàn lé lórí. Àmọ́ a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ta ló ní kí Barcelona ta ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Getafe nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn? Ta ló ní kí wọ́n lọ gbá 0-0 ní Elche? Wọ́n ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ Granada, wọ́n fìdí rẹmi lọ́wọ́ Valladolid tó já kúrò ní líìgì lọ́dún náà. Madrid náà ta ọ̀mì pẹ̀lú Valladolid yìí kan náà, wọ́n wá lọ jẹ 2-0 lọ́wọ́ Celta Vigo. Atlético náà kọsẹ̀, Osasuna nà wọ́n ní 3-0, Levante nà wọ́n ní 2-0 nígbà tí ó ku díẹ̀ kí sáà parí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni líìgì, gbogbo wọn ló sì ní ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Àwọn kan á tún mú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Messi wá, pé oṣù méjì ni kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Costa ti jáde kúrò ní pápá nígbà tí wọ́n gba ife náà, ṣé a gbọ́ kí wọ́n ráhùn?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé tí ẹ bá pè é ní oríire, ẹ pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ́. Òpin ọdún 2011 ni Diego Simeone dé gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun tó wà nínú ikọ̀ Atlético tó gba líìgì àti Copa lọ́dún 1996 gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù. Ó gba Europa League lọ́dún 2012, ó na Chelsea ní 4-1 nínú Super Cup ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 17 oṣù karùn-ún 2013, ọdún kan géérégé ṣáájú ọjọ́ Camp Nou, wọ́n na Real Madrid ní 2-1 nínú ìparí Copa del Rey ní Bernabéu, lẹ́yìn ọdún 14 tí wọn ò ti borí Madrid rí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ta Falcao, agbábọ́ọ̀lù iwájú wọn, fún Monaco ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 yúrò. Madrid fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ra Gareth Bale. Atlético ra Villa lọ́wọ́ Barcelona ní iye tí kò ju mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀ lọ. Nígbà náà sì rèé, olúkúlùkù ikọ̀ ló ń ta ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, owó tí Madrid àti Barcelona ń gbà sì ju ìlọ́po méjì ti Atlético lọ. Ọdún mẹ́sàn-án tẹ̀léra, láti 2005 dé 2013, ni àwọn méjèèjì fi pín líìgì láàárín ara wọn.

Tó bá jẹ́ oríire ni, ì bá ti tán síbẹ̀. Lọ́dún 2016, Atlético gba pọ́ìntì 88 nínú líìgì, wọ́n tún dé ìparí Champions League. Lọ́dún 2021, Simeone kan náà tún gba líìgì, pọ́ìntì 86, Madrid 84, Barcelona 79. Luis Suárez tí Barcelona ní àwọn ò nílò mọ́ ló gbá ayò 21 fún wọn ní sáà náà, òun náà ló sì gbá èyí tó bọ́ ife sí wọn lọ́wọ́ ní Valladolid lọ́jọ́ ìparí.