Ọ̀gá tó le kọ́ ló ń lé àìsàn lọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Níbi ìkómọ kan tí mo lọ, ẹ̀gbọ́n kan tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ń fọwọ́ sọ̀yà pé látìgbà tóun ti kìlọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ òun pé òun ò fẹ́ gbọ́ "ara mi ò yá" mọ́, kò sẹ́ni tára ẹ̀ ò yá mọ́. Ó ní tọ́gàá bá ti le, àìsàn á wábi gbà. Wọ́n kan sárá sí i, ẹnì kan tún fi kún un pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni jàre. Àgbà ni, mi ò lè máa bá a jiyàn nídìí jọ̀lọ́ọ̀fù, mo jẹ tèmi mo dákẹ́.

Àmọ́ irọ́ ni. Ẹ̀fọn tó ń jẹ òṣìṣẹ́ ọ̀gá tó rọ̀ náà ló ń jẹ òṣìṣẹ́ ọ̀gá tó le. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí ṣe ò ju pé ibà ń wọ dáńfó wá síbi iṣẹ́ ẹ̀ báyìí, á sáìnì ìwé, á jókòó sídìí owó, tí kaṣíà tórí ń fọ́ bá wá fún kọ́sítọ́mà ní ṣéńjì tó pọ̀ jù, wọ́n á yọ ọ́ nínú sálárì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ oògùn ibà tá à ń lò báyìí, ọjọ́ mẹ́ta péré ni, àárọ̀ àtalẹ́. Ẹni tó sùn sílé lò ó tán á padà wá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń wọ́ra bọ̀ lójoojúmọ́, tí kò rí oúnjẹ jẹ kó tó gbé e mì, á máa fà á títí oṣù á fi parí.

Mo ti ṣe tíṣà rí níléèwé aládàáni kan n'Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọjọ́ kan tó ò bá wá, owó ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n máa yọ, ìwé dókítà ò já mọ́ nǹkan kan lójú Mọ́mì (bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe onílé-ìwé). Àpólò mú tíṣà Nọ́sìrì 2. Gọ́gùsì dúdú ló wọ̀ wá sí asẹ́ńbílì, tó bá bọ́ ọ, ìpín ti lẹ ìpéǹpéjú ẹ̀ pọ̀, á fi áńkáṣíìfù nù ún, ọwọ́ yẹn náà lá fi di ọwọ́ ọmọ mú kọ́mọ lè kọ A. Gbogbo wa rí i, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí a mọ̀ pé yíyọ owó ló ń bá a jà. Kọ́sẹ̀ tó parí, ojú àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ti pọ́n, ó wọ kíláàsì kejì, ó mú bọ́sà, àwọn òbí ń pe fóònù ṣáá, àwọn míì ò jẹ́ kọ́mọ wọn wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tí tíṣà ń sáìnì lóṣù yẹn, ó mọ́ tónítóní, kò sí tíṣà kankan tó pa iṣẹ́ jẹ! Mọ́mì tiẹ̀ yìn wá ní mítìn.

Ká tiẹ̀ fi tèmi sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 láti 1985, Whitehall II ni wọ́n ń pè é. Lára ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2005, wọ́n mú àwọn ọkùnrin tára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá tẹ́lẹ̀, wọ́n wo iye ìgbà tí kálukú gbàyè àìsàn láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n sì wo ẹni tí àìsàn ọkàn tó le kọlù lẹ́yìn náà. Mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ò gbàyè rárá, àwọn yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa ì bá fún ní àwọ́ọ̀dù. Àwọn ni àìsàn ọkàn kọ lù ní ìlọ́po méjì àwọn tó ń gbàyè níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé bóyá sìgá ni wọ́n ń mu, wọ́n ti ṣírò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, èsì ò yí padà. Ẹni tó ń ṣàìsàn tí kì í sinmi, ara ẹ̀ ló ń fi san gbèsè.

Ibo wá lọ̀rọ̀ ọ̀gá wọ̀ ọ́? Ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n bi àwọn ọkùnrin tó lé ní 3,000 léèrè nípa ọ̀gá wọn: ṣé ó máa ń ṣàlàyé ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, ṣé ó ń fún wọn ní àṣẹ tó tó iṣẹ́ tó gbé lé wọn lọ́wọ́, ṣé ó rí tiwọn rò. Nígbà tí èsì jáde ní 2009, àwọn tó fún ọ̀gá wọn ní máàkì gidi ni àìsàn ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ mú, bí wọ́n sì ṣe pẹ́ níbi iṣẹ́ yẹn tó náà ni ìyàtọ̀ ọ̀hún ṣe ń hàn sí i. Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká lọ jìnnà, ẹ bi àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́à nílùú ọba. Lákòókò Kòrónà ní 2020, wọ́n rí i ní England pé nílé ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n ti ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣàìsàn, àrùn náà ò ran àwọn arúgbó tó bíi tàwọn ilé yòókù. Tọ́gàá bá ń sanwó, èèyàn á dúró sílé. Ṣé ìyẹn náà ṣòro ni?

Wọ́n á ní àwọn òṣìṣẹ́ máa ń purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan wà tórí máa ń fọ́ ní gbogbo Fráídè tí òde bá wà. Ẹ mú wọn! Ṣé torí wọn lẹ ṣe máa ní kí ẹni tó ń bì wá dúró ti káńtà?

Mánéjà tí mo wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí, ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, orúkọ ẹnì kan lọ́tùn-ún, orúkọ ẹni tó máa bá a dúró lósì. Ìwé lásán o. Ìgbà tí táífọ́ọ̀dù gbé mi dè, kò bèèrè ju ibi tí fáìlì wà lọ. Ní Sweden, àwọn tíṣà àtàwọn tó ń tọ́jú aláìsàn wà lára àwọn tí wọ́n rí ní 2000 pé wọ́n ń fi àìsàn ṣiṣẹ́ jù, torí kò sẹ́ni tó máa gba iṣẹ́ wọn ṣe, ohun tí wọn ò ṣe lónìí ń dúró dè wọ́n. Ta ló yẹ kó wá ẹni tó máa dúró fún wọn bí kò ṣe ọ̀gá?

Ó dáa, kí wọ́n má bàa ní mo fi kan pamọ́: ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Denmark, ó fi hàn pé ọ̀gá tó mọ bó ṣe ń fọ̀rọ̀ mú orí èèyàn yá náà lè mú kẹ́ni tó ń fi àìsàn ṣiṣẹ́ wá máa gbàyè àìsàn púpọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Mo gbà. Ìyẹn ò sọ ọ̀gá tó ń yọ owó di èèyàn gidi.

Òfin wà nílẹ̀ tiẹ̀. Labour Act ti Nàìjíríà, abala 16: àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé lẹ́tọ̀ọ́ sí owó wọn fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún tí àìsàn bá dá wọn dúró, bí dókítà bá ti kọ̀wé sí i. Kò sí níbẹ̀ pé kọ́gàá kọ́kọ́ fọwọ́ kan iwájú orí ẹni wò bóyá ó gbóná.