Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì Parí Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa ọmọ Yorùbá ń lọ ní Kubwa àti Nyanya, kò sí àfẹ́sọ́nà tó lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó láìmú ìwé àyẹ̀wò jínótáìpù wá. Pásítọ̀ á wọ awò ojú, á yẹ ìwé náà wò fínnífínní. Bó bá jẹ́ AS àti AS, á ní kí wọ́n lọ tún inú rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò dáa ni pé ní Abuja yìí kan náà, àwọn olùkọ́ bàọ́lọ́jì kan ń fo ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ohun alààyè ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, tàbí kí wọ́n ní káwọn ọmọ há a sórí nítorí WAEC, kí wọ́n má ṣáà gbà á gbọ́.

Ta ló máa wá sọ fún ọmọ náà ìdí tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS? Bàókẹ́mísírì, ìmọ̀ nípa kẹ́míkà inú ara, ti dáhùn. Nínú hemoglobin tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara, amino acid kan ṣoṣo (ẹyọ kékeré tí a fi ń to purotéènì), ìkẹfà nínú okùn tó ní 146, ló yí padà: valine gba ipò glutamic acid. Ẹni tó jogún àyípadà yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde dé nìyẹn. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan péré, ìyẹn AS, ibà kì í sábà rí i pa. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Allison kọ èyí jáde ní 1954. Níbi tí ẹ̀fọn ti ń pa ọmọdé, àwọn AS ń yè, wọ́n ń bímọ, AS wá gbilẹ̀. Ẹfolúṣọ̀n gan-an nìyẹn, nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa.

Àwọn alátakò fẹ́ràn láti máa dárúkọ Michael Behe, onímọ̀ bàókẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé ní 1996 pé iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì díjú ju ohun tí àyípadà díẹ̀díẹ̀ lè gbé kalẹ̀. Wọn kì í fi kún un pé Behe fúnra rẹ̀ gbà pé ènìyàn àti ìnàkí jọ ní baba ńlá kan. Ó jẹ́rìí ní kóòtù ní Pennsylvania ní 2005, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn bóyá kí iléèwé máa sọ fáwọn ọmọ pé ẹnì kan ló dìídì ṣètò ohun alààyè. Adájọ́ ní ẹ̀sìn ni àwọn aláṣẹ iléèwé náà fẹ́ kó wọ kíláàsì, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni fi Ọlọ́run sílẹ̀. Kíláàsì ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bí a bá gbé ìṣẹ̀dá wọ bàọ́lọ́jì, ti ta ni ká kọ́? Ti Bíbélì, ti Kùránì, àbí ti Ọbàtálá tó fi amọ̀ mọ ènìyàn? (Àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ tí a tẹ̀dó sí náà á ní tiwọn.)

Kí NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò kàríkúlọ́ọ̀mù, tó wà ní Sheda, fi ọ̀rọ̀ AS àti ibà ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ lábẹ́ ẹfolúṣọ̀n nínú kàríkúlọ́ọ̀mù. Kí àwọn tó ń ṣàbẹ̀wò sí ilé ìwé sì máa ṣí nóòtù àwọn ọmọ wò, bóyá wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́.