Ṣé ewé kankan wà tó lè ṣe bíi kẹtamíìnì?

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́: Ẹ kú ilé o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kẹ́hìndé mi já bọ́ látorí ọ̀kadà, apá rẹ̀ yẹ̀ léjìká. Kí dókítà tó tò ó, wọ́n gún un ní kẹtamíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìrora. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà la ojú sílẹ̀ gbagada, ẹyinjú rẹ̀ ń jó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń fa apá rẹ̀, kò mira. Nígbà tó yá, ó ní òun wà lókè àjà, òun ń wo ara òun nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta àgbo ní inú igbó ni òyìnbó ti rí gbogbo oògùn tí wọ́n ń tà fún wa. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ewé kan wà tó ń ya ọkàn kúrò lára báyìí?

Alágbo Òkè Balógun: Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Gègèmu ńkọ́? Mo mọ ọmọkùnrin kan tó mu omi rẹ̀, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀tọ̀ ni ti gègèmu. Ẹni tó jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, ọmọ ojú rẹ̀ á fẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Á máa rí ẹni tí kò sí níbẹ̀, á sì gbà pé onítọ̀hún wà níbẹ̀. Wèrè ọ̀sán gangan nìyẹn, ó sì ti pa àwọn kan. Kẹ́hìndé ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kò sí nílé. Kẹtamíìnì ò ti inú igbó wá. Calvin Stevens, onímọ̀ kẹ́míkà, ló pò ó ní láàbù ilé iṣẹ́ oògùn Parke-Davis, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1962. Ọ̀rọ̀ parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Olóògùn: Kò tíì parí o, Àǹtí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Bràsíìlì kọ ọ́ síta pé àwọn rí kẹtamíìnì lára Pochonia chlamydosporia. Ìbátan olú ni, àmọ́ ojú lásán ò lè rí i. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ẹyin aràn ló ń jẹ.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Mo gbọ́ nípa ìyẹn. Kí ẹlòmíì náà rí i kí n tó fi búra.

Akẹ́kọ̀ọ́ Olóògùn: Ó dáa, iboga ńkọ́? Igi kékeré ni, ní Gàbọ́ọ̀nù. Èèpo gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ń jẹ bí wọ́n bá fẹ́ gba ẹni tuntun wọlé. Ibogaine, èròjà inú rẹ̀, ń dí ẹnu ọ̀nà tí kẹtamíìnì ń dí nínú ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní NMDA. Ó ń dí àwọn mìíì pẹ̀lú, ó sì lè da ìlùkìkì ọkàn rú débi ikú.

Ọmọ Erédò: Ewé kan tún wà ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, Salvia divinorum. Àwọn Mazatec ló fi ń ṣe ìwòsàn. Ẹni tó bá lò ó lè ní òun ti fi ara òun sílẹ̀, bíi ti Kẹ́hìndé gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe NMDA ló gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà mìíì nínú ọpọlọ ni, tí wọ́n ń pè ní kappa. Ẹ wá sọ fún mi: ṣé ibi tí oògùn gbà wọlé lẹ fi ń sọ ọ́ lórúkọ ni, àbí ohun tó ṣe fún èèyàn?

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ohun tó ṣe ni. Toni, ìyàwó dókítà Edward Domino tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán kẹtamíìnì wò lára èèyàn, ló dá orúkọ tí wọ́n ń pe irú oògùn yìí, "dissociative", ìyẹn ohun tó ń ya ọkàn kúrò lára, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ròyìn fún un bí àwọn tí wọ́n gún ṣe rí. Ta ló mọ NMDA nígbà náà? … Áà. Mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. Mo gba ti Salvia.

Alágbo Òkè Balógun: Ẹ ṣeun o! Ewé náà ni.

Ẹlẹ́ja Olúwo: Ewé, gbòǹgbò, olú. Ẹran ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Olóògùn: Ó wà, Mà. Ìgbín òkun kan, Conus geographus, máa ń ta ẹja kó tó gbé e mì, ó sì ti ta èèyàn pa rí. Baldomero Olivera, ọmọ Philippines, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí nǹkan kan nínú oró rẹ̀: bí wọ́n gún un sí ọpọlọ ọmọ eku, oorun ló ń gbé e lọ. Wọ́n pè é ní conantokin, torí "antok" ni oorun ní èdè wọn. NMDA kan náà ló ń dí.

Ẹlẹ́ja Olúwo: Mo gbé! Ìṣáwùrú tí mo gbé kaná yìí ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Olóògùn: Ẹ máa sè é, Mà. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ti ọ̀hún ń gbé. Ẹ fi tèmi pamọ́.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́: Mo ti kà á fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá igi Gàbọ́ọ̀nù yẹn lè hù ní Ẹ̀pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìkòròdú: Ìyá Ìbejì, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn.