Kóró Ìbẹ́pẹ àti Omi Ewúro Kò Lé Aràn Kúrò Nínú Ehoro

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo wà ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Adó-Èkìtì nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìtọ́jú ehoro. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ehoro méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni, ó sì wá béèrè oògùn aràn. Ọkùnrin náà ní, "Owó ẹ lo fẹ́ fi ṣòfò yẹn. Ṣáà gún kóró ìbẹ́pẹ mọ́ àáyù, kí o pò ó mọ́ omi ewúro. Kó tó di ọ̀túnla, o ò ní rí aràn kankan níbẹ̀ mọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n," ó sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Mo dá sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Láti Ìkéré títí dé Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń sin ehoro, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè pé irú aràn wo gan-an ni a ń sọ.

Aràn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìfun ehoro ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Passalurus ambiguus. Ó funfun, ó rí bí fọ́nrán òwú, abo rẹ̀ kì í sì í gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 12 lọ. Inú àpò ńlá tí ó wà níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá ni ó ń gbé. Ohun tí àwọn onímọ̀ràn wa kì í sọ ni pé aràn yìí kì í sábà ṣe ehoro ní nǹkan kan. Ehoro lè ní in nínú kí ó máa jẹun, kí ó sanra, kí ó sì máa bímọ. Ọ̀nà tí aràn náà ń gbà padà sínú rẹ̀ kò sì ní wàhálà: ẹyin aràn a bá ìgbẹ́ jáde, ehoro a sì tún gbé e mì, nítorí pé ehoro a máa fi ẹnu gba ìgbẹ́ rírọ̀ kan láti ìdí ara rẹ̀, a sì jẹ ẹ́. Bí ẹlẹ́dàá ti dá a nìyẹn. Bí kò bá jẹ ẹ́, kò ní rí gbogbo èròjà inú oúnjẹ rẹ̀ lò. Nítorí náà, bí aràn kan bá tilẹ̀ kú lónìí, ẹyin mìíràn ti wà lọ́nà. Aràn inú ìfun a sì máa pọ̀ nígbà mìíràn, a máa dín kù nígbà mìíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún ẹran náà ní ohunkóhun. Ẹni tí ó rí aràn lórí ìgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tí ó po omi ewúro, tí kò sì rí nǹkan kan lọ́jọ́rú, ó ti di oníṣègùn nìyẹn. Ẹyin aràn kò ṣeé fi ojú lásán rí, nítorí náà ìgbẹ́ tí ó mọ́ lójú wa kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ aràn yìí gan-an kọ́ ni ó ń bí mi nínú jù. Ohun tí ó ń pa ọmọ ehoro wa kì í sábà jẹ́ aràn rárá. Eimeria ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀dá kékeré tí kò ju ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan lọ ni, ojú lásán kò sì lè rí i. Oríṣiríṣi rẹ̀ ni ó ń ba awọ inú ìfun jẹ́, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Eimeria stiedae, a sì máa wọ inú ọ̀nà òróòro nínú ẹ̀dọ̀. Àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni ó máa ń mú jù. Inú wọn a wú, ìgbẹ́ wọn a máa ṣàn, eegun ẹ̀yìn wọn a yọ, wọn a sì kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn ènìyàn bá ti rí ikùn wíwú yẹn, wọn a ní, "Aràn ni." Níbi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí pé aràn àti Eimeria kò bá ara wọn tan. Oògùn aràn tòótọ́ tí a rà lọ́wọ́ dókítà gan-an kò lè pa Eimeria, kí á tó wá sọ ewé.

Aládùúgbò mi kan, ìyá tí ó ń sin ehoro lẹ́yìnkùlé fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ń fún tirẹ̀ ní omi ewúro àti efinrin ní gbogbo àsìkò òjò kan, síbẹ̀ àwọn ọmọ ehoro ń kú. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á la èyí tí ó kú láàárọ̀ yìí." Dókítà ẹran là á níṣojú wa. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti tóbi kọjá ààlà, àmì funfun tí ó pọ́n díẹ̀ sì wà káàkiri lára rẹ̀, òmíràn tó ẹyọ ìrẹsì. Dókítà náà mú ìgbẹ́ àwọn tí ó ṣẹ́kù, ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ tí ó ki gan-an kí ohun tí ó fúyẹ́ lè léfòó, ó sì gbé e sábẹ́ awò tí ń mú nǹkan tóbi. Ó ní kí n wò ó. Àwọn ohun roboto tí ara wọn ń dán kún ojú awò náà bámúbámú, Eimeria sì ni gbogbo wọn. Kò sí ẹyin aràn kan ṣoṣo níbẹ̀. Gbogbo ewé tí ìyá yẹn já, ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá ni wọ́n fi ń wò. Oògùn tí ó ní sulfa nínú, irú èyí tí ń dá Eimeria dúró, ni dókítà fún wọn, ó sì ní kí wọ́n máa kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́. Ikú náà dáwọ́ dúró.

Ìkìlọ̀ nípa ìgbẹ́ yẹn ní ìdí. Bí Eimeria bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde, kò tíì lè ran ehoro mìíràn. Ó nílò afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbó. Àsìkò òjò wa ní Èkìtì fún un ní gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sì ti kíyè sí i pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ewé fún ehoro tí ń ṣàìsàn ni ó tún máa ń gbá ilé ehoro náà, tí ó sì máa ń pààrọ̀ koríko tí ó ti tutù. Bí ara ẹran bá wá yá, ewé ni ó ń gba ìyìn, ìgbálẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà.

Ìdí tí àwọn onígbàgbọ́ ewé ń tọ́ka sí kò pọ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀bọ ńlá tí wọ́n ń pè ní chimpanzee a máa jẹ igi ewúro nínú igbó Tanzania nígbà tí ara wọn kò bá yá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ehoro kì í ṣe ọ̀bọ. Wọ́n tún ní ìwádìí kan jáde ní ọdún 2007, nínú èyí tí wọ́n fún àwọn ọmọdé 30 ní Nàìjíríà ní kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ pẹ̀lú oyin, tí ìgbẹ́ 23 nínú wọn sì mọ́, nígbà tí ó jẹ́ 5 péré nínú àwọn 30 tí ó lá oyin nìkan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, aràn inú wọn kì í ṣe ti ehoro, wọn kì í sì í jẹ ìgbẹ́ ara wọn padà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kóró ìbẹ́pẹ ṣe lára ehoro fúnra rẹ̀. Ní Íńdíà, àwọn olùwádìí fún akọ ehoro ní ohun tí wọ́n fà jáde láti inú kóró ìbẹ́pẹ, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1999: irúgbìn ọmọ tán pátápátá nínú àtọ̀ wọn, kò sì padà títí wọ́n fi dá oògùn náà dúró. Lóòótọ́, ohun tí wọ́n fà jáde yẹn le ju kóró tí a fi ọlọ lọ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń retí ọmọ lọ́dọ̀ akọ ehoro rẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀. Ti àáyù tilẹ̀ burú jù: òun àti àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ pupa ehoro jẹ́. Ehoro kò sì lè bì, ohun tí ó bá ti gbé mì ti wọlé nìyẹn.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fún ehoro ní ewúro. Èmi náà máa ń já díẹ̀ fún tèmi mọ́ yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún, nítorí pé oúnjẹ ni. Ó sì lè jẹ́ pé ewé kan wà tí ó ń dín aràn ehoro kù díẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó ka ẹyin aràn inú ìgbẹ́ kí ó tó lò ó, kí ó sì tún kà á lẹ́yìn rẹ̀, kí á jọ rí i.

Ẹni tí ó bá rí aràn lóòótọ́, fenbendazole ni àwọn dókítà ẹran sábà máa ń lò, nǹkan bíi mílígíráàmù 20 fún kílò kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 5. Kí wọ́n fi ìwọ̀n wọn ehoro náà kí wọ́n tó fún un, nítorí pé bí oògùn yìí bá pọ̀ jù, ó lè ba mùdùnmúdùn eegun jẹ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ fún dókítà, èyí tí ẹran náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yà láàárọ̀, nínú ọ̀rá mímọ́ tí ẹ so lẹ́nu, kí oòrùn má gbẹ ẹ́ kí ẹ tó dé ibẹ̀.