Fáìlì openssl.cnf kì í ṣe ti àṣẹ openssl nìkan

Ìgbàgbọ́ kan wà tí mo máa ń bá pàdé nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe ní Adó-Èkìtì, lẹ́nu ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ bákan náà: pé fáìlì openssl.cnf, tí a ń kọ ètò láíbìrárì OpenSSL sí (ìyẹn àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ prógíráàmù ń lò láti sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú), tó máa ń wà nínú /etc/ssl lórí Linux irú Debian àti Ubuntu, kò wúlò fún nǹkan mìíràn ju kí ẹni tó fẹ́ ṣe ìwé ẹ̀rí fún sáfà rẹ̀ lò ó pẹ̀lú àṣẹ openssl. Wọ́n ní àwọn prógíráàmù tó kù kì í yà sídìí rẹ̀, nítorí náà ohun tí èèyàn bá yí padà níbẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà mọ́, ó sì ń fi àṣírí àwọn èèyàn sínú ewu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi.

Mi ò rí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ bí aláìmọ̀kan, nítorí ojú fáìlì náà gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Bí ẹ bá ṣí i, ìpín tí wọ́n pè ní req àti èyí tí wọ́n pè ní ca ló gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ tí a ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí ló sì kún inú wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Kí ẹ̀dà 1.1.1 tó dé, prógíráàmù tó bá fẹ́ kí láíbìrárì OpenSSL ka fáìlì yìí ní láti béèrè fún un nínú kóòdù rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì béèrè. Ẹ̀dà 1.1.1 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, láti ìgbà náà sì ni libssl, apá tó ń mójú tó ìsopọ̀ TLS (ìlànà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà méjì), ti ń ka fáìlì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kà á. Nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, libcrypto, tó ń ṣe iṣẹ́ sísọ ọ̀rọ̀ di àdììtú gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo ń bá wọn tọ́jú sáfà wọn níbí. Debian 10 ló wà lórí sáfà náà, àwọn tó ṣe Debian sì ti kọ ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ openssl.cnf rẹ̀: MinProtocol = TLSv1.2, tó ní a kò gbọ́dọ̀ lo TLS tó gbó ju 1.2 lọ, àti CipherString = DEFAULT@SECLEVEL=2, tó fi ìpele ààbò sí 2. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fi àṣẹ openssl s_client, tó ń dán ìsopọ̀ wò, yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àtijọ́ kan wò, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí kò sì gbọ́ èdè mìíràn ju TLS 1.0 lọ. Nígbà tí ìsopọ̀ kọ̀, ó yí ìlà kìíní sí TLSv1 (ìyẹn TLS 1.0), ó sọ 2 tó wà nínú ìlà kejì di 0, ó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ tán, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ti àṣẹ openssl nìkan ni fáìlì yẹn, kò kan nǹkan mìíràn.” Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló sọ, èmi náà sì gbà á lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a gbé prógíráàmù Python kan kalẹ̀ tó ń fi àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí sáfà àwọn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Mo ní kó máa kọ irú ìsopọ̀ tó bá ṣe sílẹ̀, TLSv1 ni mo sì bá níbẹ̀. Sáfà ọ̀hún ti gbó. Debian ì bá ti kọ̀ láti bá a sọ̀rọ̀, à bá sì ti mọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ìlà tí a yí ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo prógíráàmù tó ń lo láíbìrárì náà lórí ẹ̀rọ. Orúkọ àti iye owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi pamọ́ ń gba orí ìlànà tí IETF, àjọ tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, pa tì ní oṣù Kẹta ọdún 2021 kọjá. Òǹkà kan ṣoṣo tí a yí nínú ìlà kejì kì í sì í ṣe ohun kékeré: ní ìpele 2, láíbìrárì kì í gba kọ́kọ́rọ́ RSA tàbí DH tí kò tó 2048 bíìtì, ní ìpele 0, ó lè gba kọ́kọ́rọ́ tó kéré sí i púpọ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ti yí fáìlì náà rí, tí kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí prógíráàmù bá ń bẹ̀rẹ̀ ni láíbìrárì ń ka fáìlì yìí, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Bí akéde bá lu agogo lówùúrọ̀, ẹni tó ti lọ sóko láti ìdájí kò ní gbọ́ ohun tó kéde títí yóò fi padà wọ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni prógíráàmù tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà títí a ó fi pa á, ká sì tún un tàn. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ipò. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú openssl_conf, tó ń tọ́ka sí ìpín tí láíbìrárì yóò lò, gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, kí akámọ́ onígun àkọ́kọ́, [ ], tó ń ṣí ìpín tó dé. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ fáìlì, inú ìpín tó gbẹ̀yìn ló bọ́ sí yẹn, láíbìrárì kò ní rí i, kò sì ní ké, nítorí pé ìlà náà kò ní àṣìṣe kankan nínú. Àní àṣìṣe tòótọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń gbójú fò nígbà tó bá ń ka fáìlì fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 3.0, a lè kọ config_diagnostics = 1 sókè kó má baà dákẹ́ mọ́.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó wo ohun tó ń dé bá àwọn tó tan legacy (àpò àwọn ọ̀nà àdììtú àtijọ́) nínú fáìlì náà lórí ẹ̀dà 3.0, tí wọ́n sì gbàgbé láti tan default (àpò àwọn tí a ń lò lójoojúmọ́) mọ́ ọn. Bí a bá ti dárúkọ ọ̀kan, láíbìrárì kì í mú èkejì wá fúnra rẹ̀ mọ́. SHA-256 àti AES, tó wà nínú default, á dàwátì, prógíráàmù tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwé ẹ̀rí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákú.

Kì í ṣe gbogbo prógíráàmù ni fáìlì yìí ń darí o. Firefox ń lo láíbìrárì mìíràn tó ń jẹ́ NSS, Chrome ń lo BoringSSL, Java àti Go sì ní tiwọn. Wọn kì í wo openssl.cnf. Prógíráàmù tó ń lo OpenSSL náà lè fi kóòdù tirẹ̀ yí ohun tí fáìlì sọ padà, tirẹ̀ ni yóò sì ṣẹ.

Ohun tí a wá ṣe ní ọ́fíìsì náà kò le. Àṣẹ openssl version -d fi àpótí (folder) tí láíbìrárì ń wò hàn wá. A da ìlà méjèèjì padà sí bí Debian ṣe kọ wọ́n, a tún prógíráàmù Python náà tàn, ó kọ̀ láti bá sáfà àwọn ẹni náà sọ̀rọ̀, a sì kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún un ṣe. Fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ka, àbúrò mi ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sínú àpótí tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti dín ìpele kù, ó sì ń fi OPENSSL_CONF tọ́ka sí i lórí ìlà kan náà tó bá ti ń pe s_client.