Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ náà fẹ́ kàwé
Ẹ ṣé tí ẹ gbé ìròyìn nípa àwọn ilé ìkàwé ìlú New York jáde. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni pé láti ọdún 2021 ni wọ́n ti fòpin sí owó ìtanràn lórí ìwé tó bá pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n rí i pé ọmọ tálákà ni ìtanràn ń lé sá. Káàdì wọn, ọ̀fẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ńkọ́? A ní yunifásítì LAUTECH láti 1990, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni wọ́n kó ìwé jọ fún ní ilé ìkàwé rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Tákìé, tó tún fẹ́ ṣe JAMB, ibo ni kó jókòó sí? Mo máa ń rí wọn lálẹ́: ọmọ mẹ́ta á dorí kodò sórí ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo tí èèpo rẹ̀ ti já, lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dákun, a ò bèèrè ilé aláràbarà. Yàrá kan tó ní sólà, àga, ìwé tó bá sílébọ́ọ̀sì mu, àti òṣìṣẹ́ tí kò ní ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin, torí ìrọ̀lẹ́ lọmọ iṣẹ́ ń ráyè.